Ẹ Kọ Àánú Mọ́ Ẹ̀tọ́ Aláìsàn

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí àwọn adigunjalè ya wọ ìlú Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ kọlù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí àwọn báǹkì, wọ́n ń jà wọ́n lólè. Nígbà tí wọ́n fi máa kúrò nílùú, ẹ̀mí tó lé ní ọgbọ̀n ti bọ́. Ọlọ́pàá mẹ́sàn-án wà lára àwọn tó kú. Ará ìlú ni àwọn yòókù, ẹni tó lọ gba owó rẹ̀ ní báǹkì, ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Owódé kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìró ìbọn ọjọ́ náà. Ohun tó tẹ̀lé e ló máa ń sọ. “Ọlọ́kadà ń gbé èèyàn láì béèrè kọ́bọ̀. Ẹni tó ní mọ́tò tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó fi gbé ẹni tí kò mọ̀ rí. Èmi fúnra mi fa aṣọ títà ya, wọ́n fi di ojú ọgbẹ́. Ta ló ráyè béèrè pé ọmọ ta ni? Ẹ̀jẹ̀ ń dà, ó parí.”

Lásìkò náà, òfin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí ọ̀pọ̀ ará ìlú kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Òfin ọdún 2017 ni. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa gba ẹni tí ọta ìbọn bá bà wọlé, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yálà ó mú ìwé ọlọ́pàá dání tàbí kò mú un dání, yálà owó wà lápò rẹ̀ tàbí kò sí. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni yóò ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀.

Kí òfin yìí tó dé, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kú lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn káàkiri Nàìjíríà nítorí “ẹ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá.” Kì í ṣe gbogbo dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀ ló níkà nínú. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni, torí ẹni tó bá tọ́jú olè láìmọ̀ lè di ẹni tí wọ́n ń fà lọ sí àgọ́. Òfin ló gba ẹ̀rù náà kúrò lára wọn, òun náà ló sì sọ ìyọ́nú di iṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe.

Kò tíì pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìdigunjalè Ọ̀fà tí igbákejì ààrẹ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, fi Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn lọ́lẹ̀ ní Àbújá, ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2018. Ẹ̀tọ́ méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Àánú kò sí lára wọn.

Ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ó yẹ kí a kọ ọ́ ní gbangba, kí aláìsàn lè béèrè rẹ̀ láìbẹ̀bẹ̀, kí ẹni tó bá sì fi dù ú mọ ẹni tí yóò jẹ́jọ́ fún.

Ọjọ́ tí ìbọn kò dún

Lọ́jọ́ àjálù, àánú kì í wọ́n. Gbogbo ojú ló rí ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán ló máa ń wọ́n, lọ́jọ́ tí olè kò jà, tí èèyàn jí ní aago márùn-ún àárọ̀ kó lè tètè gba káàdì, tó sì jókòó sórí béǹṣì títí di ọ̀sán.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ọ̀fà bí àkọ́bí rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 19. Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, kò sì fẹ́ kí n dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Ó ní nígbà tí ìrọbí mú òun gan-an, òun ké pe ìyá òun, ìyá tí wọ́n ti ní kó dúró síta. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló dáhùn: “Ṣé èmi ni mo fún ẹ lóyún? Nígbà tí o ń ṣe é, ṣé o pè mí? Panu mọ́ jàre.” Wọ́n gbá a nítan kó lè la ẹsẹ̀ dáadáa.

“Ọmọ mi yè, èmi náà yè,” ó wí. “Wọ́n tọ́jú mi, mi ò lè parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lóyún ìkejì, mi ò padà débẹ̀ mọ́.”

Bàbá kan wà nílùú yìí kan náà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ìtọ̀ ṣúgà sì ń bá a fínra. Ó lọ béèrè bóyá ó ti kàn án. “Ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ ló kọjú sí mi, ó ní, ‘O ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni? Lọ jókòó.’ Èmi! Níwájú ìyàwó mi àti gbogbo èrò. Oògùn tí wọ́n fún mi dáa, ó ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé mì.” Láti ìgbà náà, ọmọ rẹ̀ ló ń lọ gba oògùn fún un. Dókítà kò rí i mọ́, kò sẹ́ni tó ń yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ẹsẹ̀ sì wà lára ohun tí ìtọ̀ ṣúgà máa ń bà jẹ́ bí wọn kò bá tètè rí i.

Ohun tó ṣe àwọn méjèèjì ti ṣe ọ̀pọ̀. Ní ọdún 2019, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe ní Nàìjíríà, Gánà, Gínì àti Myanmar. Àwọn olùwádìí wọ yàrá ìgbẹ̀bí, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí obìnrin 2,016 tó ń rọbí. Nínú wọn, 838 ni wọ́n lù, tàbí tí wọ́n bú, tàbí tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú nítorí irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Èyí lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìgbà tó burú jù ni láti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọmọ tó jáde sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tó bá jáde. Àsìkò yẹn gan-an ni obìnrin kò lè dìde kó máa lọ. Àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún àti àwọn tí kò kàwé ni ìyà náà sì dé bá jù, àwọn tí kò ní ẹnu láti fi sọ pé ó tó.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ìwádìí lórí ìbímọ àti ìlera ní ọdún 2018, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, 39 péré ni wọ́n bí sílé ìwòsàn. Owó wà lára ohun tó fà á, ọ̀nà jíjìn náà wà níbẹ̀. Ẹ bi àwọn obìnrin fúnra wọn léèrè, ẹ ó gbọ́ ìdí kẹta. Ìyá agbẹ̀bí àdúgbò máa ń ki aboyún ní oríkì ilé bàbá rẹ̀. Á máa fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Á jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó tì í. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀jẹ̀ tí yóò fà sí i lára bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, kò lè ṣiṣẹ́ abẹ, ibẹ̀ sì ni ikú ń gbà wọlé.

Inú mi kì í dùn bí mo bá ń ronú kan èyí: obìnrin ilẹ̀ wa ní láti yàn láàárín ẹni tó láàánú tí kò ní irinṣẹ́, àti ẹni tó ní irinṣẹ́ tí kò fi àánú hàn án.

Ohun tí wọ́n ti kọ, àti ohun tí wọn kò kọ

Òfin kò ṣaláì sọ nǹkan kan. Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014. Abala 20 rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ lè san owó ìtanràn 100,000 náírà, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó sì lè jẹ méjèèjì pọ̀. Abala 23 ní kí wọ́n ṣàlàyé àìsàn àti ìtọ́jú fún aláìsàn, ní èdè tó gbọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣeé ṣe. Nítorí náà, ìyá arúgbó tó wá láti abúlé tó yí Ọ̀fà ká, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tọ̀ọ́ lábẹ́ òfin pé kí wọ́n sọ ọ́ fún un ní Yorùbá.

Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn ti 2018 kó irú nǹkan báyìí jọ sójú kan. Àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí Babatunde Irukera ń darí nígbà náà, ló gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ òjíṣẹ́ ìlera àpapọ̀. Àjọ náà ló wá di FCCPC ní ọdún 2019. Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí, aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń ṣe é àti iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ pa àṣírí rẹ̀ mọ́, kí àyíká rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Wọ́n gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un láìwo ẹ̀yà, ẹ̀sìn, àbùkù ara tàbí àìlówó rẹ̀, kódà bí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn án. Ará ilé rẹ̀ lè wá wò ó. Ó lè ní òun kò fẹ́ ìtọ́jú kan. Ó lè fẹjọ́ sùn.

Kí ló wá kù? Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo dókítà kan tó ń fi “ẹ” bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, tó kí i dáadáa, tó sọ fún un ní Yorùbá tó já gaara pé kókó tó wà lọ́yàn rẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ, pé kó máa lọ sí Ìlọrin, tó fún un ní ìwé, tó sì pe ẹni tó kàn. Kò rú ọ̀kankan nínú ẹ̀tọ́ méjìlá náà. Ó bọ̀wọ̀ fún un, ó ṣàlàyé, àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé. Ìyá náà jáde, ó jókòó sábẹ́ igi nínú ọgbà ilé ìwòsàn, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Kò sí ẹni tó bi í léèrè pé ta ló bá a wá, tàbí pé ṣé ó yé e, tàbí pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀tọ́ kẹtàlá tí mò ń sọ wà nínú ìbéèrè mẹ́ta yẹn.

Agbẹjọ́rò kan ní Ìlọrin tó máa ń gba ẹjọ́ àwọn aláìsàn sọ bó ṣe rí nílé ẹjọ́. “Adájọ́ kì í wo inú ọkàn. Ohun tí wọ́n kọ ló ń wò. Abala 34 ìwé òfin 1999 sọ pé iyì ọmọ èèyàn ṣe pàtàkì, pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́ tàbí kó dójú tì í. Ó ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó gbòòrò jù. Bí oníbàárà mi bá ní wọn kò ṣàánú òun, agbẹjọ́rò ilé ìwòsàn á dìde, á ní: abala wo la rú?”

Àìmọ̀ tún wá fi kún un. Nínú àwọn ará Ọ̀fà tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹni tó ti gbọ́ orúkọ Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn rí kò pọ̀ rárá. Oníṣòwò kan bi mí pé, “Ṣé ti àwa náà ni àbí ti àwọn tó wà l'Ábújá?”

Ṣé òfin lè pàṣẹ fún ọkàn?

Dókítà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ mi. “Ẹ lè pàṣẹ kí n wọ ìbọ̀wọ́,” ó ní. “Ẹ lè pàṣẹ kí n kọ àkókò tí mo fún aláìsàn lábẹ́rẹ́. Báwo lẹ ṣe fẹ́ pàṣẹ pé kí n láàánú? Ẹ̀rín ẹ̀tàn lẹ máa rí gbà.”

Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ ká fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òfin kò lè dé inú ọkàn dókítà, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó lè dé ẹnu rẹ̀, ó lè dé ọwọ́ rẹ̀. Òfin lè ní kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un. Ó lè ní kó jókòó bó bá fẹ́ sọ ìròyìn burúkú, kó má sì kúrò níbẹ̀ kó tó béèrè ohun tí kò yé aláìsàn. Ó lè ní kí aboyún mú ẹnì kan tó fẹ́ràn wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Ó lè ní kí wọ́n fi aṣọ bo ara tí wọn kò yẹ̀ wò. Ó lè ní kí ẹnì kan jókòó ti ẹni tó ń kú lọ, kó má bàa dá kú. Gbogbo èyí ló hàn sójú, gbogbo rẹ̀ ni ẹlòmíràn lè jẹ́rìí sí pé wọ́n ṣe é tàbí wọn kò ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ọta ìbọn ti 2017 ṣe: kò béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣí géètì, ó sáà ní kó ṣí i.

Èrò pé ọ̀rọ̀ tútù jẹ́ fàájì lásán, pé iṣẹ́ ìṣègùn gan-an wà nínú abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ, ti kúkú kùnà nínú ìwádìí láti ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1964, àwọn dókítà ní Boston, ní Amẹ́ríkà, pín aláìsàn 97 tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún sí ọ̀nà méjì. Wọ́n tọ́jú apá kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Ní ti apá kejì, dókítà tó ń kun èèyàn lóorun lọ jókòó tì wọ́n, ó sọ irú ìrora tí yóò mú wọn, ó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe mí àti bí wọ́n á ṣe yí ara padà, ó sì ń padà wá wò wọ́n. Nǹkan bí ìdajì oògùn ìrora tí àwọn ti àkọ́kọ́ lò ni àwọn wọ̀nyí lò, wọ́n sì ṣáájú wọn relé ní ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ mẹ́ta.

Ìwádìí kan tún jáde láti yunifásítì Johns Hopkins ní 1999. Wọ́n fi fídíò dókítà kan tó ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn han obìnrin 210. Ìdajì wọn rí fídíò tí dókítà ti fi ọ̀rọ̀ ìyọ́nú kún un: pé òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, pé àwọn jọ wà níbẹ̀ ni. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá péré ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Àwọn tó gbọ́ ọ kò ní àìbalẹ̀ ọkàn tó àwọn tí kò gbọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní àyè kò sí fún àánú, ẹ rán an létí pé kò gba ìṣẹ́jú kan.

Àwọn kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Láti ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti fi í sórí ìlànà àkọ́kọ́ wọn pé dókítà gbọ́dọ̀ fi ìyọ́nú ṣe ìtọ́jú. Ní Ìlú Ọba, ìwé àdéhùn ètò ìlera ìjọba, NHS, ti ọdún 2009 ka ìyọ́nú mọ́ ohun tí ètò náà dúró lé. Kì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n gbára lé. Ní ilé ìwòsàn Stafford, láàárín 2005 sí 2009, wọ́n pa àwọn aláìsàn tì débi pé àwọn mìíràn kò rí omi mu. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí Robert Francis darí, gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Kejì ọdún 2013, àbá 290 ló sì wà nínú rẹ̀. Lónìí, bí àwọn alábòójútó ìjọba bá wọ ilé ìwòsàn níbẹ̀, ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ìkẹ́ tọ́jú èèyàn. Èsì rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ jáde fún ará ìlú láti kà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù àti Birmingham ni ìbéèrè yẹn ń kàn. Ọkàn tí wọ́n gbé kúrò nílé ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹnì kan ń béèrè lọ́wọ́ wọn níbẹ̀.

Ọwọ́ tó ti rẹ̀

Mètírọ́ọ̀nù kan tó ti fẹ̀yìn tì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi tán kó tó fèsì. “Ẹ má dá nọ́ọ̀sì nìkan lẹ́bi, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti dá wà pẹ̀lú aláìsàn ogójì lóru. Iná kò sí, iná fóònù mi ni mo fi ń wá iṣan apá ọmọ ọwọ́. Bí mo ṣe ń sáré lọ síhìn-ín, wọ́n ń pè mí lọ́hùn-ún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ rere ti tán lẹ́nu mi. Ó ti rẹ̀ mí ni.”

Mo gbà á gbọ́. Ní ọdún 2025, mínísítà ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé dókítà tó kù kò pé mẹ́rin sí ẹgbàárùn-ún (10,000) èèyàn. Ní Àbújá tiwa ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣèlérí ní ọdún 2001 pé àwọn yóò máa ná 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìsúnà wọn sórí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Ìdí nìyí tí ẹ̀tọ́ àánú kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ pàṣán tí a fi ń na òṣìṣẹ́. Bí a bá kọ ọ́, kí a kọ ojúṣe ìjọba mọ́ ọn: iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan lè bójú tó lóru, iná tí kò gbọ́dọ̀ kú nínú yàrá ìgbẹ̀bí, ìsinmi fún ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́. Kí a sì kọ tiwa náà mọ́ ọn, àwa ará ilé aláìsàn. Mètírọ́ọ̀nù yìí fi àpá kan hàn mí létí rẹ̀, níbi tí ọkọ aláìsàn kan ti gbá a létí. Kò sí ìwà bẹ́ẹ̀ tí àìlówó tàbí ìbànújẹ́ lè sọ di ohun tó dára.

Àmọ́ àárẹ̀ kò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Òun náà ló sọ bẹ́ẹ̀. “Àwọn kan wà tí kò rẹ̀ wọ́n, tí wọ́n á ṣì bú èèyàn. Bí wọ́n ṣe bú wọn nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ni àwọn náà ṣe ń bú aláìsàn. Wọ́n rò pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn.”

Ìyá àti ọmọ tí owó dè mọ́lẹ̀

Nínú gbogbo àìláàánú tí mo gbọ́ nípa rẹ̀, èyí tó dùn mí jù ni ti obìnrin tó ti bímọ, tí wọ́n ti ní kó máa lọ, tí kò sì lè lọ torí kò tíì san owó tán. Á wà ní wọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹni tuntun á gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, á máa sùn sílẹ̀ tòun tọmọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, àwọn èèyàn sì ti mọ́ra débi pé wọ́n ń dáwó ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì láti lọ “gba” aláìsàn.

Ní Kenya, obìnrin méjì tí wọ́n dá dúró bẹ́ẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí Pumwani ní Nairobi ní 2010 gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ gíga dá wọn láre, ó ní ìdádúró náà lòdì sí òfin, ó sì ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún wọn. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n ti kọ sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn ni adájọ́ gbé e lé.

Àwọn onílé ìwòsàn ní tiwọn láti sọ. “Ta ló máa san owó oògùn tí a ti lò?” ni ẹni tó ni ilé ìwòsàn aládàáni kan bi mí. Òótọ́ ni. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, èyí tó lé ní àádọ́rin ló ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Òfin Àjọ Adójútòfò Ìlera tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo èèyàn.

Ìpínlẹ̀ Kwara kò ṣàjèjì sí ètò bẹ́ẹ̀. Láti 2007 ni àwọn àgbẹ̀ Shonga ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó kékeré wọ ètò adójútòfò tí ilé iṣẹ́ Hygeia ń darí pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ láti Netherlands, ìpínlẹ̀ sì ti wá ní àjọ adójútòfò tirẹ̀. Aboyún tó bá ti wọ irú ètò bẹ́ẹ̀ kí oṣù rẹ̀ tó pé kò ní í di ẹrú owó lọ́jọ́ ìkómọ.

Ọ̀fà ní ohun tó lè fi bẹ̀rẹ̀

Iléèwé gíga ìmọ̀ ìlera ti ìpínlẹ̀ Kwara wà ní Ọ̀fà níbí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń lọ sí ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé káàkiri ìpínlẹ̀ yìí. Ohun tí mètírọ́ọ̀nù sọ, pé èébú ń ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni a ti lè gé e. Olùkọ́ kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ fún mi pé òun máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ìyẹ̀wò, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. “Ìṣẹ́jú márùn-ún,” ó ní. “Wọn kì í gbàgbé.” Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ yẹ kó ní máàkì, bí abẹ́rẹ́ gígún ṣe ní máàkì.

Ìlú yìí náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti pawọ́ pọ̀ dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943, láìdúró de ìjọba. Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀fà lè tẹ Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn sórí pátákó ní Yorùbá, kí wọ́n gbé e kọ́ sí yàrá káàdì gbogbo ilé ìwòsàn tó wà nílùú, kí nọ́ńbà tí a lè pè wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó owó àsè kan. Kí wọ́n sì yan àgbàlagbà kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí yóò máa jókòó nílé ìwòsàn lọ́jọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn àti ti òṣìṣẹ́.

Ohun tí ìlú kò lè dá ṣe ni òfin. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ Kwara lágbára láti ṣòfin lórí ìlera. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo aláìsàn ní ìpínlẹ̀ yìí lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú tí a fi àánú ṣe, kí wọ́n to àwọn ohun tó hàn sójú tí a fi lè mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sọ ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ àti iye ọjọ́ tí yóò fi fèsì.

Kó tó di ìgbà náà, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀tọ́ méjìlá ti wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀kan dù yín, ẹ kọ orúkọ ilé ìwòsàn náà, ọjọ́, àkókò àti ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àjọ FCCPC. Bí dókítà ni, Ìgbìmọ̀ Àwọn Oníṣègùn àti Oníṣègùn Eyín, MDCN, ló ń bá a wí. Bí nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ni, ìgbìmọ̀ tiwọn wà. Bí nọ́ọ̀sì kan bá sì ṣe yín dáadáa, ẹ kọ orúkọ tirẹ̀ náà, kí ẹ mú un lọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ wá lọ bá aṣòfin tó ń ṣojú Ọ̀fà ní Ìlọrin, kí ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí yóò gbé àbá òfin náà wá síwájú ilé.